Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀: Ilẹ̀kùn Dé Lọ́ńdọ̀nù, Orúkọ Kù Sílé

Ní ọdún 1924, ilẹ̀kùn kan kúrò ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ igi nínú wọn gbà pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bá a wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni náà kò tíì kú. Ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ó ń gbẹ́ igi rẹ̀ lọ, àwọn ọba agbègbè rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ nípa igi, àga àti ọ̀ṣọ́ inú ilé ní Yábàá yìí máa ń gbọ́ nípa àwọn ará Jámánì, ará Dẹ́ńmáàkì àti ará Japan nínú kíláàsì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo lè fi igi ṣe kò ní láti wọ bàálù. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni Èkìtì sí Èkó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn Ọlọ́wẹ̀ fún yín, kí n sọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́nà, àti ẹni tí kò jẹ́ kó sọnù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹmẹsẹ̀ ọba Ìsẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí òkìkí rẹ̀ ti pẹ́ nínú igi gbígbẹ́. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Ogun náà kò parí pátápátá títí di 1893, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti ń lọ bí ọmọ ogún ọdún. Ẹni tó dàgbà nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ilé dúró àti ohun tó ń wó ilé.

Láti Ẹ̀fọ̀n ni ó ti lọ sí Ìsẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ìsẹ̀ ló gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ààfin Arinjalẹ̀, ọba ìlú náà, ni ó wọ̀, kì í sì í ṣe gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ló ṣe wọ ibẹ̀. Ẹmẹsẹ̀ ni. Ẹmẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ ọba: òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọba fún àwọn ìlú mìíràn, òun ló ń mú èsì bọ̀, kò sì sí ìwọlé-wọ̀de ààfin tí kò ṣojú rẹ̀.

Ẹni tó bá wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ yóò rí i pé ojú ẹmẹsẹ̀ ló fi ń gbẹ́ igi. Ó mọ bí ọba ṣe ń jókòó. Ó mọ ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ọba, ó mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mọ bí àlejò ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń gbà á. Nígbà tí Arinjalẹ̀ rí ẹ̀bùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ fún un láti ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Ariwo rẹ̀ kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba tó kù.

Igi kan, láìsí ìsopọ̀

Kí a tó bá a dé Ìkẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí pé ó yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Káfíńtà ń so igi pọ̀ ni. Ó ń gé pákó, ó ń gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, ó ń gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, ó ń ki ọ̀kan bọ èkejì. Bí pákó kan bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò ju ìyẹn sílẹ̀, yóò gé òmíràn. Agbẹ́gilére kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Inú ìtì igi kan ṣoṣo ni ọba, olorì, ẹṣin àti ẹrú gbọ́dọ̀ ti jáde. Ohun tó bá ti gé dànù ti lọ nìyẹn.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa máa ń ka iṣẹ́ náà sí. Èkíní ni ọnà lílé: wọn yóò fi àáké la ìtì igi náà sí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Èkejì ni alétúnlé: wọn yóò tún un lé, kí ojú, ọwọ́ àti ọmú lè bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọn yóò fi irin mímú mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí ọ̀bẹ yóò fi ya irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ẹni tí ọnà lílé rẹ̀ bá wọ́, fínfín kò lè gbà á là. Nítorí irin tí wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yìí ni wọ́n ṣe ń bọ Ògún.

Ilẹ̀kùn ààfin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kò ní hínjì onírin. Ara pákó náà gan-an ni wọ́n ti ń gbẹ́ orí kékeré kan sókè àti ọ̀kan sílẹ̀, tí wọn yóò ki bọ ihò lókè àti nísàlẹ̀, tí ilẹ̀kùn yóò sì máa yí lórí wọn. Ẹni tó bá ti kà nípa àwọn káfíńtà tẹ́ńpìlì ní Japan, tí wọ́n ń de igi mọ́ igi láìfi bẹ́ẹ̀ gbára lé ìṣó, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọra níbì kan: àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí igi ṣe iṣẹ́ irin. Tẹ́ńpìlì Horyu-ji ní Nara wà níbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú igi tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lára rẹ̀. Tiwa ní ikán àti òjò láti bá jà.

Ọdún mẹ́rin ní Ìkẹ́rẹ́

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá jù lọ, ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ àwọn òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́ lára rẹ̀, adé orí rẹ̀ ga, ẹyẹ sì bà lé ṣóńṣó adé náà. Lẹ́yìn ọba ni olorì àgbà dúró sí. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé obìnrin yìí ga ju ọba lọ fíìfíì. Ó nà gbọọrọ, ó di ẹ̀yìn ìtẹ́ náà mú. Ẹni tó bá mọ àṣà ààfin kò ní bi Ọlọ́wẹ̀ léèrè ìdí. Nígbà tí ọba bá gorí oyè, obìnrin ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti gbé adé lé e lórí, agbára àwọn ìyá sì wà lára ohun tó ń mú ọba dúró lórí ìtẹ́. Ẹmẹsẹ̀ àtijọ́ mọ ẹni tó ń gbé ọba ró, ó sì gbẹ́ ẹ bí ó ti rí i.

Ẹ tún wo àyè tó wà láàárín wọn. Ọlọ́wẹ̀ kò jẹ́ kí òpó náà ki pọ̀ bí ìtì igi. Ó gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, atẹ́gùn ń gba àárín ọba àti olorì kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Igi kan náà ni wọ́n ti jáde, síbẹ̀ ènìyàn yóò rò pé ó gbẹ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó kó wọn jọ ni.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Apá méjì ni, ó sì ga ju ènìyàn lọ. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ló gbẹ́ sí i: bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Captain Ambrose, ṣe wá kí Ògògà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba òyìnbó ní ilẹ̀ Èkìtì. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀, olorì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn aláàárù gbé òyìnbó náà bọ̀, àwọn tó bá a wá sì tẹ̀ lé e. Àwọn ère náà kò lẹ̀ mọ́ pákó. Wọ́n yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jáde kúrò lára ilẹ̀kùn kí wọ́n wá kí ẹni tó ń bọ̀. Ó fín ọnà sí gbogbo ẹ̀yìn wọn, ó sì fi ọ̀dà kùn ún.

Ẹ rò ó wò: ẹni tó bá fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ ọba, ìbáà ṣe òyìnbó, yóò kọ́kọ́ dúró níwájú ilẹ̀kùn tó ń fi bí àlejò ṣe ń dé hàn án. Ọba ló jókòó. Àlejò ló wá bá a. Ohun tí ilẹ̀kùn náà ń sọ nìyẹn, ní àkókò tí agbára ti ń kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba.

Ilẹ̀kùn kan, àga kan

Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n yá lọ́wọ́ Ògògà fún àfihàn Wembley ní 1924. Nígbà tó dé ọ̀hún, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn British Museum, sọ pé àwọn fẹ́ kó dúró tì àwọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògògà. Kì í ṣe owó ni ọba gbà. Pàṣípààrọ̀ ni: àwọn òyìnbó yóò ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ìlú wọn, òun yóò sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìtẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn kù sí Lọ́ńdọ̀nù, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò èyí tó lọ.

Ọ̀pọ̀ wa yóò gbọ́ èyí kí a ká ọwọ́ lórí pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ojú Ògògà náà. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí kò lè ní èkejì. Agbẹ́gilére tó ṣe é ṣì wà láàyè, ọ̀nà ilé rẹ̀ kò jìn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbọ̀n. Ọba tó ní Ọlọ́wẹ̀ lè fi ilẹ̀kùn tọrẹ. Ohun tó dun ni jù níbẹ̀ kì í ṣe pàṣípààrọ̀ náà. Ohun tó dun ni ni pé, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ nípa ilẹ̀kùn yìí, ìbéèrè kan tí ì bá rọrùn jù kò wáyé: ta ló ṣe é? Bí wọ́n bá bèèrè, wọn ì bá rí ìdáhùn gbà lọ́jọ́ náà.

Orí tó ń yí nínú àgò

Ìkẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ààfin Ìsẹ̀, ó ṣe fún Déjì ní Àkúrẹ́, ó ṣe fún Ìdànrè, ó dé Iléṣà lọ́dọ̀ Ọwá. Àwọn ọlọ́lá náà gbé iṣẹ́ fún un, ó ń bá wọn gbẹ́ igbá, ọpọ́n àti ère.

Ọ̀kan nínú àwọn igbá onígi rẹ̀, tó ṣe ní nǹkan bí 1925, wà ní Washington ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé igbá dání. Lórí ọmọrí igbá náà, àwọn obìnrin mẹ́rin ń jó. Lábẹ́ igbá, àwọn ènìyàn kéékèèké kúnlẹ̀ yí ká, wọ́n ń bá obìnrin náà gbé e ró. Nínú àgò tí ara wọn ṣe yìí, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà. Orí náà ń yí. Ó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè jáde, nítorí pé àyè àárín wọn kò tó o. Kò sí ẹni tó ki í bọ ibẹ̀ láti ìta. Inú igi kan náà ló ti gbẹ́ ẹ, ó ń ti ọ̀bẹ bọ àárín àwọn ère náà títí orí fi já kúrò lára ìyókù.

Mo máa ń rò ó pé kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kó ṣe èyí. Igbá náà ì bá jẹ́ igbá láìsí orí yẹn. Ẹni tó mọṣẹ́, tí iṣẹ́ sì ń dùn mọ́, ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún un.

Ẹni tó tọ́jú orúkọ

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n káàkiri. Bí wọ́n ti ń wó àwọn ààfin àtijọ́ láti fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kọ́ tuntun, òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró di ohun tí kò níṣẹ́ mọ́. Ikán jẹ òmíràn, òmíràn sì gba ọjà lọ sí òkè òkun. Òpó kan tó ní ẹlẹ́ṣin lórí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York báyìí. Ó dúró lórí ilẹ̀ dídán, kò sí òrùlé lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ bíi William Fagg ti British Museum jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló ṣe àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, àti pé ọwọ́ náà ní orúkọ. Kì í ṣe pé wọ́n wá orúkọ náà rí nínú ihò ilẹ̀. Àwọn ará Èkìtì ní in lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá. Bí ìwé kan bá sọ fún yín pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ère ilẹ̀ Áfíríkà kan, ẹ máa rántí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó rà á kò bèèrè.

Ní 1988, àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, dé Ìsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ti di arúgbó. Ìyá náà ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Gbogbo ohun tí a ń wá nínú ìwé ló wà níbẹ̀: bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe mọ igi líle í rọ̀, ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọba, iyì tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà, títí kan iṣẹ́ tó gbẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ gbọ́ o: wọ́n mọ̀ nílé pé iṣẹ́ náà ti kọjá òkun. Fún àádọ́ta ọdún, ìyá yìí ń tọ́jú ohun tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá kiri. Ní 1998, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní Washington. Roslyn Adele Walker ló ṣètò rẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Orúkọ bá iṣẹ́ pàdé níkẹyìn.

Àwa náà ńkọ́?

Bí wọ́n bá ń kọ́ tẹ́ńpìlì ní Japan, àṣà kan wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé òrùlé, orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ àti orúkọ olórí káfíńtà sára pátákó kan, wọn yóò kàn án mọ́ òkè lábẹ́ òrùlé. Munafuda ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú òrùlé náà wò lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún, orúkọ wà níbẹ̀. Tiwa, ẹnu ènìyàn ni a ń kàn án mọ́. Pátákó ẹnu dára, ó sì lágbára, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìyá Ìsẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò kì, ó sì nílò ẹni tí yóò gbọ́. Bí ìyá náà bá kú ní 1987 ńkọ́?

Ẹ rìn wọ Muṣin lọ́la, ẹ gba àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń kan bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn àti àga. Ẹ wo ọwọ́ àwọn bàbá tó ń fi ìfági fá pákó nínú eruku yẹn. Iṣẹ́ wọn wà nínú yàrá, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ọ́fíìsì káàkiri Èkó. Ta ni wọ́n? Ẹni tó ra àga yóò sọ iye tó rà á àti ibi tó ti rà á, kò ní lè sọ ẹni tó kàn án. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ya àwòrán iṣẹ́ wọn sínú ìwé àṣekágbá wa, a ń wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, a ń kọ irú igi tó jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ la ń parí rẹ̀ sí, bí ti Wembley gan-an.

Kò gbà wá ní owó láti ṣe é dáadáa. Nígbà mìíràn tí o bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan láti kọ́ṣẹ́ tàbí láti ya àwòrán, kí i dáadáa, kí o sì bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ yín, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti kọ́ṣẹ́? Bí ó bá gbà fún ọ, kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà. Bí ìwọ fúnra rẹ bá kan àga, kọ orúkọ rẹ àti ọdún sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò yí àga náà padà.